Bọ́ọ̀dù Maṣíìnì Àlàájà

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ku ogún ìṣẹ́jú ni, lọ́jọ́ Àlàmísì kan lọ́dún 2014 yìí, nígbà tí fóònù mi dún. Àkókò náà dá mi lójú nítorí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbójú kúrò lára aago ògiri ni. Mò ń ṣírò bóyá mo lè parí iṣẹ́ ọwọ́ mi kí wọ́n tó pe ìrun Alásárì, kí a tó fa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wálẹ̀. Hindawíyà, ní Jẹ́dà, ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Bọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ, pátákó pẹlẹbẹ tí ọ̀nà iná wà lára rẹ̀, la máa ń tún ṣe níbẹ̀: ti ẹ̀rọ amúlétutù, ti ẹ̀rọ ìfọṣọ, ti ohunkóhun tó bá ṣáà ń lo iná. Mo ti kàwé gboyè nípa iṣẹ́ iná mànàmáná nílé kí n tó wá. Mo máa ń tètè sọ èyí fún èèyàn, àní kí wọ́n tó bi mí. Mo mọ̀ pé ìwà náà kò dára tó, àmọ́ ẹ̀rù ló máa ń bà mí pé bí n kò bá sọ ọ́, kò sí ohun tí wọ́n máa rí lára mi tí wọ́n á fi mọ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló pè mí. Mẹ́kà ni wọ́n bí i sí, tíṣà ni, ó sì jù mí lọ dáadáa. Yorùbá yé e, ṣùgbọ́n Lárúbáwá ló máa ń gba ẹnu rẹ̀ jáde bí inú bá ń bí i tàbí bí inú rẹ̀ bá dùn. Lọ́jọ́ yẹn, ó pa méjèèjì pọ̀.

“Maṣíìnì Màmá ti kú,” ló wí. “Kàláàsì. Ó parí.”

“Kí ló ṣe é, ẹ̀gbọ́n mi?”

“Mo ní ó kú, ò ń bi mí pé kí ló ṣe é. Bá mi dúpẹ́ ni kí o ṣe! Ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, ojú wọn ò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀, wọ́n sì kọ̀, wọn ò sinmi. Ní báyìí, maṣíìnì fúnra ẹ̀ ti ní kí wọ́n sinmi. A ó fi ta ẹnì kan lọ́rẹ.”

Mo gbọ́ ohùn Àlàájà, ìyá rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀. “Ta nìyẹn? Ṣé ọmọ mi ni? Gbé e wá.” Mo gbọ́ kuuru bí wọ́n ṣe gba fóònù náà. “Ọmọ mi, má dá ẹni yẹn lóhùn. Maṣíìnì ò kú. Ó sùn ni. Wá bá mi jí i.”

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Àlàájà wá sí Mẹ́kà kí wọ́n tó bí mi, wọn ò sì padà sílé. Tandabáwì ni wọ́n ń gbé, nínú ilé àtijọ́ kan tí àtẹ̀gùn rẹ̀ há bí ọ̀nà eku. Ìránṣọ ni iṣẹ́ wọn: híjáàbù funfun, ìgbànú tí àwọn Àlàájì ń kó ìwé ìrìnnà sí, àti àpò kékeré tí èèyàn ń kó bàtà sí bó bá fẹ́ wọ Háráámù, mọ́sálásí ńlá Mẹ́kà. Ọkọ wọn ti kú. Àwọn ọmọ wọn fẹ́ràn wọn, wọ́n sì fẹ́ kí wọ́n jókòó, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú. Àdéhùn tó wà láàárín wọn ni pé bí maṣíìnì ìránṣọ náà bá fi lè bàjẹ́ pátápátá, kò ní sí òmíràn mọ́. Àlàájà ti sọ fún mi rí pé, “Ọjọ́ tí mo bá dìde lórí àga yìí, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n á máa gbé oúnjẹ wá bá mi, bí aláìsàn. Wọn ò ní mọ̀ pé àwọn ló sọ mí di aláìsàn.”

Nítorí náà, bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀, inú mi dùn, àyà mi sì já. Inú mi dùn pé ẹnì kan nílò mi. Àyà mi já nítorí pé bí mo bá lọ, tí ọwọ́ mi kò sì ká a, èmi gan-an ni n óò dà bí ẹni tó gba àga lábẹ́ ìdí wọn.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìsinmi wa. Mo wọ mọ́tò lọ sí Mẹ́kà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù tí a fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì, irin rírọ̀ tó ń so nǹkan mọ́ bọ́ọ̀dù, nínú báàgì. Lẹ́yìn ìrun, Àlàájà tẹ́ ọ̀rá tí wọ́n máa ń jẹun lé lórí sílẹ̀ fún mi, mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì maṣíìnì, mo tú àpótí irin kékeré tí bọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀. Àpótí náà rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí orúnkún wọn máa ń wà, wọ́n sì la ojú sí i lórí kí ooru lè jáde, bí ìjàgbọ̀n ẹja.

Kò pẹ́ tí mo fi rí i. Ohun kan wà lórí bọ́ọ̀dù náà tó rí bí agolo kékeré, tó wúwo ju àwọn yòókù lọ. Gbogbo bí maṣíìnì ṣe ń gbọ̀n láti ọdún pípẹ́ wá ló ń mì ín. Lẹ́ẹ̀dì tó di ẹsẹ̀ irin rẹ̀ mú ti là yípo, ìlà náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Bí ẹ bá wò ó lásán, ẹ ó ní kò sí ohun tó ṣe é.

Ohun tó le nínú iṣẹ́ yìí ni pé àwọn tó ṣe bọ́ọ̀dù kì í kàn ki ẹsẹ̀ bọ ihò. Wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nísàlẹ̀, kí ó má baà yọ, kí wọ́n tó yọ́ lẹ́ẹ̀dì lé e. Ẹni tó bá fẹ́ tú u kò gbọdọ̀ fà á. Bó bá fà á, bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù á ṣí kúrò bí èèpo àlùbọ́sà. Ó ní láti kọ́kọ́ fa lẹ́ẹ̀dì àtijọ́ mu tán, kí ó fi ẹnu ohun èlò tó mú gbé ẹsẹ̀ náà nàró díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi máa mì fúnra rẹ̀ nínú ihò. Ìgbà yẹn ló tó lè jáde wọ́ọ́rọ́. Mo fẹ́ràn ibi tó ti ń mì yẹn. Ọ̀pọ̀ nǹkan láyé mi ni mo máa ń fà kí ó tó tó àkókò, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù máa ń fipá mú mi ní sùúrù.

Mo yọ ọ́, mo fi lẹ́ẹ̀dì tuntun jó o padà, mo gé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gùn jù, mo fi sípíríìtì nu ún mọ́, mo dá a padà. Àlàájà jókòó, wọ́n tẹ ẹsẹ̀ mọ́ pẹ́dà, maṣíìnì náà sì kígbe bí oyin tó ń jáde nílé.

“Ó jí!” ni wọ́n wí. Wọ́n yíjú sí ilé ìdáná, wọ́n gbóhùn sókè kí ọmọ wọn lè gbọ́. “Ẹ bá mi wá maṣíìnì ẹlòmíì tí ẹ máa fi tọrẹ o! Tèmi ti jí!”

“Màbúrúúkù,” ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn láti ilé ìdáná, bí ẹni tó ń kí èèyàn kú oríire, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbé oríire kankan.

Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà tí Àlàájà fi pè mí fúnra wọn. Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ débi pé mo ní láti fi ìka dí etí kejì.

“Ó tún ti sùn.”

“Háà. Ṣé ẹ̀gbọ́n mi mọ̀?”

“Má jẹ́ kí ó mọ̀ o. Mo ti ní mò ń gé aṣọ sílẹ̀ ni. Láti ìjẹta ni mo ti ń gé aṣọ. Aṣọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.”

Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ojú tì mí. Mo ro gbogbo nǹkan tí mo ṣe lọ́jọ́ náà lẹ́sẹẹsẹ. Ṣé lẹ́ẹ̀dì ni n kò jẹ́ kí ó yọ́ dáadáa? Ṣé ẹsẹ̀ tí mo gé ló mì lẹ́yìn tí mo ti jó o? Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni bú mi. Èmi ni mo ń bú ara mi nítorí gbogbo wọn.

Mo lọ gbé bọ́ọ̀dù náà wá sí Jẹ́dà. Ọ̀gá wa ní ṣọ́ọ̀bù, tí gbogbo wa ń pè ní mùállímù, gbé e sábẹ́ gíláàsì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Bàbá bàbá rẹ̀ ló wá ṣe Háàjì láti ilẹ̀ Yorùbá, tí kò padà. Jẹ́dà ni wọ́n bí òun sí. Yorùbá tó ń sọ jẹ́ ti àwọn àgbà àtijọ́, bí ohun tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́.

“Yà mùhándìs,” ló pè mí. Ẹnjiníà ni ìyẹn lédè Lárúbáwá, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe máa ń bú mi nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn. “Wá wòran. Ìgbà wo ni òkun ṣàn dé Mẹ́kà?”

Mo wò ó. Ẹsẹ̀ tí mo tún ṣe kò ní àlébù, lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ṣì ń dán. Àwọn tó wà láyìíká rẹ̀ ló ní ìyọnu. Nǹkan funfun ti hu yí wọn ká, ó sì ti di àwọ̀ ewé níbi tó ti kan bàbà. Ẹsẹ̀ méjì ti jẹ tán pátápátá, wọ́n kán nígbà tí mo fọwọ́ kàn wọ́n.

“Bọ́ọ̀dù tó ń gbé etí òkun ló máa ń rí báyìí,” ni mùállímù wí. “Atẹ́gùn oníyọ̀ ló ń fà á. Àwọn ẹ̀rọ amúlétutù tó wà lápá òkun, fánííṣì la máa ń fi kun bọ́ọ̀dù wọn, kí omi àti iyọ̀ má baà kàn án. Ṣùgbọ́n ní Tandabáwì? Àfi bó bá jẹ́ pé òógùn ẹ ló kán sí i. Mo mọ̀ bó o ṣe máa ń làágùn bí oníbàárà bá wo ojú ẹ.”

“Mùállímù, ẹ jọ̀ọ́.”

“Kò sóhun tó burú. Òógùn ọ̀mọ̀wé ni.”

Ọ̀rọ̀ òógùn náà ká mi lára gan-an. Mo fi odidi ọjọ́ kan gbà gbọ́ pé òógùn mi ni lóòótọ́.

Iṣẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ló tíì gba sùúrù mi jù. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì àti sípíríìtì fọ iyọ̀ náà kúrò. Mo fi okùn bàbà wínníwínní fa lẹ́ẹ̀dì mu lára ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo nà wọ́n, mo yọ wọ́n. Ojú bàbà kan ti jẹ débi pé kò sí ohun tí mo máa jó mọ́. Mo ha ọ̀nà bàbà náà títí mo fi kan ibi tó mọ́, mo sì fi wáyà kékeré kan so ẹsẹ̀ tuntun pọ̀ mọ́ ọn, bí afárá. Nígbà tí mo tan án wò, tí iná kékeré tó wà ní igun rẹ̀ tàn, mo dìde, mo jáde sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mo sì dúró síbẹ̀ díẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú mi.

Mo gbé e padà sí Tandabáwì lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó ṣiṣẹ́. Mo ti ń di báàgì mi nígbà tí mo rí Àlàájà tí wọ́n gbé ike omi Zamzam kalẹ̀ lórí fèrèsé. Wọ́n bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ka Fátíà, wọ́n fẹ́ ẹ̀mí sí i, wọ́n sì wọ́n ọn sára maṣíìnì. Wọ́n wọ́n ọn sórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sì wọ́n ìyókù sórí àpótí irin náà, sí ojú tí ooru ń gbà jáde gan-an.

“Àlàájà, kí lẹ ń ṣe?”

“Àdúà ọwọ́ ẹ ni. Láti ọjọ́ tó o ti kọ́kọ́ tún un ṣe ni mo ti ń ṣe é láràárọ̀, kí n tó jókòó. Mo ní, Ọlọ́run, iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ yìí kò ní bàjẹ́.”

N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú mi. Ara mi kọ́kọ́ fúyẹ́, nítorí pé iyọ̀ inú omi náà ló jẹ bọ́ọ̀dù, kì í ṣe ẹ̀bi mi, kì í sì í ṣe òógùn mi. Ojú tì mí lójú ẹsẹ̀ pé ohun tí mo kọ́kọ́ rò nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni omi fẹ́ bọ́ lójú mi, torí n kò mọ ẹlòmíràn láyé yìí tó ń dárúkọ ọwọ́ mi fún Ọlọ́run láràárọ̀.

“Àlàájà,” ni mo wí, “omi àti iná…”

“Omi wo? Zamzam ni o! Ṣé ìwé tó o kà ò dé ibẹ̀ ni?”

Ẹ̀gbọ́n mi yọjú. “Kí ni Màmá ń ṣe?”

Àlàájà wò mí. Mo mọ ìtumọ̀ ìwò náà. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá gbọ́ pé ìyá rẹ̀ ń da omi sórí ẹ̀rọ tó ń lo iná, maṣíìnì náà kò ní sùn sílé náà mọ́jú. Tí wọ́n bá sì gbé e lọ, kì í ṣe torí pé ó bàjẹ́ ni wọ́n máa sọ pé àwọn gbé e. Wọ́n á ní Màmá ti dàgbà, ìrònú wọn ti ń rẹ̀.

“Wọ́n ń ṣàdúrà ni,” ni mo dáhùn. Òótọ́ ni mo sọ, síbẹ̀ ó ṣe mí bí ẹni tó purọ́.

Nígbà tó padà lọ, mo bẹ Àlàájà pé kí wọ́n máa yọ wáyà kúrò lára ògiri kí wọ́n tó ṣàdúrà sí i, kí wọ́n má sì tètè kì í bọ̀ ọ́ padà. Ìyẹn ni ìgboyà mi mọ lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbà kíákíá. “Ó dára bẹ́ẹ̀,” ni wọ́n wí. “Nǹkan kì í pariwo lásìkò àdúà.”

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo mú fánííṣì lọ. Mo tú bọ́ọ̀dù náà lójú wọn, mo kùn ún, pàápàá ìdí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo sì gbé e sí ojú fèrèsé títí ó fi gbẹ.

“Kí nìyẹn?” ni wọ́n bi mí.

“Ohun tó máa jẹ́ kí ó pẹ́ ni, Àlàájà.”

“Ó dáa. Èmi náà ní tèmi.”

Ọkàn mi kò balẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà tí mo fi padà sí Jẹ́dà. Mùsùlùmí ni mí. Kí ló túmọ̀ sí pé mo fi fánííṣì dènà omi Zamzam? Mo sọ fún ara mi pé omi nìkan ni mo dènà, n kò dènà àdúrà. Mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn mi jù ni pé mo ti rí ọ̀nà tí n kò fi ní sọ̀rọ̀, mo sì pe ọ̀nà náà ní ọgbọ́n.

Maṣíìnì náà kò sùn mọ́. Àwọn tó wá ṣe Háàjì dé, Àlàájà rán gbogbo ohun tí wọ́n ní kí wọ́n rán. Ẹ̀gbọ́n mi pàápàá jẹ́wọ́ fún mi pé láti ìgbà tí iṣẹ́ ti pọ̀, ìyá rẹ̀ ti ń jẹun dáadáa, kò sì sọ̀rọ̀ fífi maṣíìnì tọrẹ mọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Àmọ́ Àlàájà kò lè rí oore kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n ti ń jẹ́rìí káàkiri, níbi ìsọmọlórúkọ, níbi wáàsí àwọn obìnrin, pé maṣíìnì tó ń kú ni omi Zamzam gbé dìde, tó sì ti lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. N kò mọ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí, tí ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń ránṣọ ní Hùjúnù, ní Mẹ́kà níbẹ̀, sọ̀ kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ó fi gèlè àtijọ́ wé bọ́ọ̀dù maṣíìnì tirẹ̀. Nígbà tí mo tú gèlè náà, mo ti mọ ohun tí n óò rí kí n tó rí i. Ibì kan ti jó dúdú. Ìyókù funfun, ó sì ní àwọ̀ ewé.

“Gẹ́gẹ́ bí Àlàájà ṣe kọ́ wa náà ni mo ṣe é,” ni obìnrin náà wí. “Tiwọn dìde. Tèmi ṣe pàrà, ó tan iná, ó kú. Mo ti ń bi ara mi pé kí ni mo ṣe fún Ọlọ́run. Bóyá àdúà tèmi ni kò gbà.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò wò mí lójú.

“Kì í ṣe àdúrà yín ni kò gbà, màmá,” ni mo wí. “Ẹ má rò bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ́n omi sí ohunkóhun tó ní iná mọ́. Bí ẹ bá padà wá, n óò ṣàlàyé.” N kò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní òun máa padà wá lẹ́yìn Jímọ̀.

Mo ti na àwọn ẹsẹ̀ tó jó náà, mo sì ti yọ wọ́n. Iṣẹ́ tirẹ̀ máa ṣeé ṣe. Ọ̀rọ̀ tó kù ló wúwo. Bí mo bá ṣàlàyé fún un, ó máa dé etí Àlàájà kí ọjọ́ tó ṣú, ó sì máa dé etí ẹ̀gbọ́n mi. Bí n kò bá ṣàlàyé, ó máa gbà pé Ọlọ́run yàn láàárín òun àti ọ̀rẹ́ òun, ẹlòmíràn sì lè fọwọ́ tútù kan iná níbì kan ní Mẹ́kà nítorí ẹ̀rí tí fánííṣì mi gbé ró. Èyí kò ṣeé fara mọ́. Mo mọ̀ pé mo ní láti sọ̀rọ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi wá ọ̀nà láti dákẹ́. Ohun tí n kò mọ̀ ni bí mo ṣe máa sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bá àgbà sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bá Àlàájà, kí n kúnlẹ̀, kí n sọ ọ́ fún wọn nìkan, àbí kí n bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí n bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má gba maṣíìnì náà? Báwo sì ni èèyàn ṣe ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé ohun tí wọ́n fi ń gbàdúrà fún un ló ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, tí ìyá náà kò fi ní dẹ́kun àdúrà?